Orin Ọkàn Tí Ẹlẹ́rìn-ín Jí

Ìyàwó Káfíńtà ò tíì kọrin náà dé ìdajì tí Olójú Àṣá fi gbá tábìlì.

"Dúró! Dúró níbẹ̀!"

Ohùn já mọ́ obìnrin náà lẹ́nu. Àwòrán ọkàn ńlá tó fi ṣọ́ọ̀kì pupa àti aláwọ̀ aró yà ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀ lára pátákó. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà láyà, níbi tí orin gbé e dé.

"Orin yìí, a ti gbọ́ ọ láàárọ̀. Àwòrán yìí, a ti rí i. Àní ibi tí onítọ̀hún ti gbé ọwọ́ sáyà, ibẹ̀ gan-an nìwọ náà gbé e sí. Lọ́wọ́ ta lo ti jí i?"

"Èmi kẹ̀, mà? Orin mi ni, mà. Èmi ni mo—"

"Ẹni tó kọ́kọ́ wá kọ ọ́ ńkọ́? Ṣé ojú àlá ló ti gbọ́ ọ ni?"

Àwọn àgbà olùkọ́ méjì yòókù mi orí. Ọ̀kan ti pa ìwé rẹ̀ dé. Olójú Àṣá nawọ́ sí ilẹ̀kùn.

"Máa lọ sílé. A ò gbé iṣẹ́ olùkọ́ lé olè lọ́wọ́."

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé yín láti ìdí. Ní yunifásítì yẹn, ẹni tó ti gba oyè kìíní tó ń lé èyí tó ga jù ú lọ lè gba iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ olùkọ́. Òun ni yóò kó àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé jọ sínú yàrá kékeré, tí yóò tún ẹ̀kọ́ tí ọ̀jọ̀gbọ́n ti kọ́ wọn là yé wọn. Ẹni tó bá rí i gbà kò san owó ilé ìwé mọ́, wọ́n á sì máa fún un ní ohun tí yóò fi jẹun. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń dù ú bí ẹyẹ ṣe ń du ọkà bàbà. Wàá kọ́kọ́ kún fọ́ọ̀mù lórí kọ̀ǹpútà, wàá mú kíláàsì tó wù ọ́, ọ̀gá rẹ á jẹ́rìí sí ọ. Lẹ́yìn náà ni gbẹgẹdẹ yóò wá gbiná: wàá dúró níwájú àgbà mẹ́ta, wàá kọ́ wọn bí ẹni pé ọmọdé ni wọ́n. Bí ẹnu bá kọṣẹ́ níbẹ̀, fọ́ọ̀mù di bébà lásán. Ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin tí wọ́n ń pè ní Olójú Àṣá ló ń ṣe olórí wọn, òun ló sì ń pín iṣẹ́ náà. Bí èèrà bá tiro níwájú rẹ̀, á mọ ẹsẹ̀ tó ń dùn ún.

Bí Ìyàwó Káfíńtà ò bá rí iṣẹ́ yìí gbà, ìwé parí nìyẹn. Ọkọ rẹ̀ ni káfíńtà ilé ìwé, agbára rẹ̀ ò sì gbé e mọ́. Ní báyìí, kì í ṣe iṣẹ́ nìkan ló bọ́. Orúkọ olè ló tún gbé lọ sílé.

Bó ṣe ń sunkún jáde, ẹnì kan dìde lórí bẹ́ǹṣì tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọkùnrin tí gbogbo wọn ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín ni. Eyín rẹ̀ funfun, ẹ̀rín rẹ̀ kì í tán.

"Àǹtí, ṣé kò sí o? Kí ló dé?"

"Àbúrò mi, wọ́n ní mo jalè. Wọ́n ní ẹnì kan ti kọ orin mi."

"Háà! Ta nìyẹn?"

"Wọn ò sọ fún mi."

Ẹlẹ́rìn-ín gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó ní kó pẹ̀lẹ́. Ọwọ́ náà gbóná mọ́ Ẹlẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀ bí ẹni fọwọ́ kan ìkòkò lórí iná. Òun ni olè náà.

Pákó pẹlẹbẹ kan ló pààlà sáàárín tábìlì rẹ̀ àti ti obìnrin yìí. Káfíńtà fúnra rẹ̀ ló gbá a, nígbà tí ilé ìwé ní kó pín yàrá ńlá kan sí kéékèèké fún wọn. Pákó náà ò nípọn ju bísíkíìtì lọ. Bí ẹnì kan bá sín níhìn-ín, ẹni ọ̀hún á ní pẹ̀lẹ́. Ibẹ̀ ni Ẹlẹ́rìn-ín jókòó sí tó ń gbọ́ orin, tó sì ń yọjú wo àwòrán tí obìnrin náà ń yà àti bó ṣe ń gbé ọwọ́ sáyà. Àwọn àgbà mẹ́ta ti dá a padà rí, wọ́n sì tún dá a padà. Gbòǹgbò koríko ni iṣẹ́ ìwádìí tirẹ̀, bó bá sì ti ń kọ́ni nípa rẹ̀, oorun á máa gbé gbòǹgbò pàápàá. Ọ̀gá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé bí tọ̀tẹ̀ yìí náà bá bọ́, kó máa palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Orin sì ń dùn bọ̀ lára pákó, ó ń dùn bọ̀, títí tó fi mọ ọ́n látòkè délẹ̀.

Nígbà tí ìdánwò ku ọ̀la, ó yọ orí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó.

"Àǹtí, wọ́n ní kí n sọ fún yín o. Wọ́n ti yí àkókò yín padà. Ó ti di ọ̀sán."

"Olúwa á bùkún fún ẹ, àbúrò mi. Ǹ bá ti sáré wá lásán."

Nígbà tó di àárọ̀, ó wọlé tọ àwọn àgbà. "Ẹ má bínú, mà. Ọmọ àǹtí tó ni àkókò yìí ló ń ṣàìsàn. Ó ní kí n gba àyè òun, kí òun wá lọ́sàn-án." Ó ya ọkàn, ó gbé ọwọ́ sáyà, ó gbé orin:

*Ẹ̀jẹ̀ rìn rìn rìn, ó ti rẹ̀ ẹ́,*
*Ó wọ yàrá òkè lápá ọ̀tún o;*
*Ilẹ̀kùn ṣí gbayawu, ó bọ́ sísàlẹ̀,*
*Ọkàn fún un jáde, ó tún lọ káàkiri ara,*
*Káàkiri ara o, káàkiri ara!*

Olójú Àṣá gbé ìpéǹpéjú sókè. "Ibẹ̀ yẹn ńkọ́? Káàkiri ara kẹ̀?"

Aago dún, àkókò rẹ̀ ti pé. Ẹlẹ́rìn-ín ò mọ ohun tó ń bi í. Ó rẹ́rìn-ín. "Ó kù níwájú, mà."

Olójú Àṣá náà rẹ́rìn-ín. Ó lérò pé ńṣe lọmọ yìí mọ̀ọ́mọ̀ fi àṣìṣe sínú orin, bí ẹni gbẹ́ kòtò sójú ọ̀nà, kí àwọn ọmọ kíláàsì lè fi ojú ara wọn rí i. Ó fún un ní máàkì tó ga jù.

Kò pẹ́ tí orúkọ Ẹlẹ́rìn-ín fi jáde lára pátákó ìsọfúnni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, aránṣọ tó tọ́ ọ dàgbà, rán ṣẹ́ẹ̀tì funfun sí i, ó sì pè é lórí fóònù.

"Olùkọ́ mi! Olùkọ́ mi àtàtà! Ṣé ọrùn rẹ̀ ò fún ọ?"

"Kò fún mi, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ṣó o ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ràn ọ́ lọ́wọ́? Ẹnìkan kì í dá gòkè o."

"Mà á dúpẹ́."

Irọ́ ni, ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì fún un. Láti ọjọ́ tó ti wọ̀ ọ́ ni èémí rẹ̀ kì í ti í lọ sísàlẹ̀ tán. Àwọn ọmọ kíláàsì fẹ́ràn orin náà, wọ́n ń kọ ọ́ kiri ọgbà, wọ́n ń fi jó àtẹ̀gùn bọ̀. Gbogbo ibi tí Ẹlẹ́rìn-ín bá yà sí, olè tó jà ló ń pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ. Ó wá padà sídìí tábìlì rẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan lódìkejì pákó. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló pa á lára jù.

Lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ tí ìwé ń ṣubú lé ìwé. Ìyàwó Káfíńtà ló wá kó ẹrù.

"Àbúrò mi, bá mi di okùn yìí."

Ó di í. Kókó náà ò mú, ó tún un di.

"Bí mo bá ń kọjá báyìí, ńṣe ni wọ́n ń fi ọwọ́ bo ìwé wọn," ni obìnrin náà wí. "Ìwọ nìkan lo ṣì ń kí mi. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ojú tì ọ́."

Ẹlẹ́rìn-ín ya ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ẹ̀rín ló jáde. Ẹ̀rín burúkú! Ó kórìíra eyín ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Láìsọ fún ẹnikẹ́ni, Olójú Àṣá wọ kíláàsì rẹ̀. Ó gbé ọkàn onírọ́bà kan dání, irú èyí tí omi ń ṣàn nínú rẹ̀. Ó fi ìka kan yàrá ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún.

"Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀jẹ̀ ti dé ibí yìí. Ó di ibo?"

Kíláàsì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, tijó tijó: "Káàkiri ara o, káàkiri ara!"

Ojú Olójú Àṣá kúrò lára wọn, ó bọ́ sára Ẹlẹ́rìn-ín. Bí ọmọ kan bá ṣìnà, a ní kò fetí sílẹ̀. Bí gbogbo agbo bá jọ gba ọ̀nà kan náà ṣìnà, ẹni tó ṣíwájú wọn là ń bi.

"Apá tó kù ńkọ́?"

"Apá wo, mà?"

"Èyí tó o ní ó kù níwájú."

"Háà, ìyẹn! A... a ò tíì débẹ̀, mà."

"Ẹ̀jẹ̀ ti dé ìka ẹsẹ̀ wọn, ẹ ò tíì débẹ̀?" Ó gbé ọkàn rẹ̀ kúrò lórí tábìlì. "Wá rí mi ní ọ́fíìsì."

Ẹlẹ́rìn-ín ò lọ. Ó gbọ́ bàtà Olójú Àṣá kókó, kókó, kókó ní ilé ìkàwé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ìwé ńláńlá bí ẹni ń wá bọ́tìnì. Ó rí i lórí àtẹ̀gùn, ó sá wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó tilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ títí omi tó ń kán níbẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di orin sí i létí. Nígbà tí akọ̀wé Olójú Àṣá wá a wá, ó ní kí wọ́n sọ pé ibà ń ṣe òun.

Nígbà tí àwòdì ò rí òròmọdìẹ gbé, ilé Káfíńtà ló yà sí.

"Ìbéèrè kan ni mo bá wá," ni Olójú Àṣá wí. Kò tilẹ̀ jókòó. "Lọ́jọ́ ìdánwò, èwo nínú àwọn ọmọ rẹ ló ń ṣàìsàn?"

"Ọmọ mi, mà? Kò sí ọmọ tó ṣàìsàn. Ẹ̀yin lẹ ránṣẹ́ pé ẹ ti yí àkókò mi padà."

"Ta ni mo rán?"

Obìnrin náà dárúkọ rẹ̀, ó wá fi ọwọ́ bo ẹnu. Káfíńtà fò dìde, ó ń wá òòlù.

"Ẹ jẹ́ n lọ gbá a ní ìṣó mọ́lẹ̀!"

"Jókòó, jàre," ni ìyàwó rẹ̀ wí, omijé ń bọ́. "Ọmọ èèyàn kì í ṣe pákó. Pákó tó o sì gbá náà ló tà mí."

"Fi òòlù náà pamọ́," ni Olójú Àṣá wí. "Mà á bá ọ wá iṣẹ́ fún un."

Nígbà tí kíláàsì tún pé, Ẹlẹ́rìn-ín ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ṣọ́ọ̀kì ni ilẹ̀kùn iwájú ṣí. Olójú Àṣá wọlé, Ìyàwó Káfíńtà tẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ Ẹlẹ́rìn-ín ti mọ̀ kí orí tó mọ̀. Ó gba àárín bẹ́ǹṣì, ó dorí kọ ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Àṣé Káfíńtà ti yọ ilẹ̀kùn ibẹ̀ kúrò lára férémù, ó gbé e dábùú ọ̀nà, ìṣó mẹ́ta há a lẹ́nu.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n kọjá."

Káfíńtà tu ìṣó sọ́wọ́. "Ilẹ̀kùn yìí ò tíì gba èrò. Padà síbi tí wọ́n ti ń kọrin."

"Kọ ọ́," ni Olójú Àṣá wí láti iwájú.

Ẹlẹ́rìn-ín kọ ọ́. Ohùn rẹ̀ ń já, ó ń so. Nígbà tó dé káàkiri ara, Olójú Àṣá gbé ọwọ́ sókè.

"Ó tó. Kí ló kàn?"

Ẹlẹ́rìn-ín nu ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò.

"Orin tìrẹ ni, àbí? Kí ló kàn?"

"Ó parí síbẹ̀, mà."

"Ó parí síbẹ̀." Ó yíjú sí Ìyàwó Káfíńtà. "Ṣé ó parí síbẹ̀?"

Obìnrin náà bọ́ síwájú. Ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ kéré, ó wá là.

"Kò parí o! Ẹ̀yin ọmọ mi, irọ́ kan wà nínú orin yìí, èmi ni mo fi síbẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ fúnra yín mú un. Ẹ gbé ọwọ́ sáyà, ẹ mí, kí ẹ wá a."

Ibi tí Ẹlẹ́rìn-ín ò dé nìyẹn. Apá àkọ́kọ́ orin àti àwòrán nìkan ni obìnrin náà máa ń fi dánra wò lẹ́yìn pákó. Ìbéèrè yìí àti apá tó tẹ̀ lé e, ó fi wọ́n pamọ́ sínú de ojú àwọn ọmọ, nítorí pé ẹnu wọn ni ìdáhùn wà. Gbogbo wọn gbé ọwọ́ sáyà, wọ́n mí. Ọ̀dọ́mọbìnrin onígíláàsì kan fò dìde lẹ́yìn.

"Ó ti rẹ ẹ̀jẹ̀ yẹn! Kò tíì mí! Báwo ló ṣe tún ń padà síbi iṣẹ́?"

Kíláàsì hó yèè. Ìyàwó Káfíńtà gbé e:

*Ẹ jẹ́ ó mí ná o, ẹ jẹ́ ó mí,*
*Ó ti rẹrù bọ̀, ẹ jẹ́ ó mí;*
*Ẹ̀dọ̀fóró ṣílẹ̀kùn, ó ń dúró dè é.*
*Bó bá mí tán, á gba tòsì wọlé,*
*Ìgbà náà ló tó lọ káàkiri ara!*

Gbogbo wọn gbè é, àfi ẹnì kan. Ẹlẹ́rìn-ín ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

"Èmi ni, mà," ló wí. "Ẹ̀yìn pákó ni mo ti gbọ́ ọ. Èmi ni mo purọ́ àkókò. Èmi náà ni mo purọ́ àìsàn mọ́ ọmọ wọn."

"Ìwọ tó o bá mi di ẹrù?" ni Ìyàwó Káfíńtà bi í.

"Èmi ni, àǹtí."

Obìnrin náà wò ó títí. Kò bú u. Ì bá sàn fún un ká ní ó bú u.

Olójú Àṣá yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́. Èmi tí wọ́n ń pè ní olójú àṣá, èmi ni mo pe ẹni tí wọ́n jà lólè ní olè, mi ò sì jẹ́ kó parí orin. Ìyá, dárí jì mí. Kíláàsì yìí ti di tìrẹ láti òní. Tú ẹrù rẹ sílẹ̀."

Ìyàwó Káfíńtà gbé ọwọ́ lórí, ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó jó díẹ̀. Ọkọ rẹ̀ gbé ilẹ̀kùn padà sáyè, ó ń súfèé.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ló mú Ẹlẹ́rìn-ín lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ìbáwí. Kò sẹ́ni tó kò ó lójú lọ́nà, òun ló ń wolẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé abẹ́ fèrèsé kíláàsì, orin tún sọ lókè, ló bá ń yára ẹsẹ̀. Ẹ̀ṣọ́, ẹni tí kò mọ orin, tí kò mọ ẹjọ́, wo bó ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Kí ló ń lé ọ, ọmọ? Dúró, kó o mí ná. Ibi tí à ń lọ ò ní sá lọ."

Ẹlẹ́rìn-ín tú bọ́tìnì ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rán. Ó mí. Ó dùn ún láyà, ṣùgbọ́n ó dé ìsàlẹ̀. Ó wá mú fóònù jáde.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, "ẹ gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀ ná. Ẹni tó ràn mí lọ́wọ́, mo fẹ́ sọ ohun tí mo ṣe sí i fún yín."