Abúlé Tí A Kò Fún Láṣọ

Omi adágún mu Mùnírátù dé orókùn nígbà tí Mùkáílà kọ́kọ́ rí i lẹ́yìn ìlú Ìdèrè, lọ́dún 1985. Oòrùn àárọ̀ ń dán lára ìkòkò tí ó gbé léjìká.

"Má mu omi yẹn láìsẹ́ ẹ. Inú rẹ̀ ni aràn sòbìyà ti ń wá."

"Ẹ̀yin alákọ̀wé, ṣé ẹ gbé òmíràn wá nínú mọ́tò yín ni?"

Olùkọ́ yunifásítì ni Mùkáílà. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi ni ó ń ṣe ìwádìí lé lórí. Ó gba Mùnírátù síṣẹ́ kí ó máa bá a pín in ní Ìdèrè. Kò pẹ́ tí ìfẹ́ fi wọ̀ wọ́n lára.

"Olólùfẹ́ mi, bí wọ́n bá ti tẹ ìwádìí yìí jáde lókè òkun, n ó di ọ̀gá olùkọ́ ní yunifásítì, n ó sì wá tọrọ rẹ."

"Bí wọn kò bá tẹ̀ ẹ́ ńkọ́? Ṣé kí n máa lọ fẹ́ Wàhábì aránṣọ ni?"

Nínú àwọn abúlé Ìdèrè, Àkànó nìkan ni kò rí aṣọ gbà. Ibẹ̀ ni Hàlímọ̀, ìyá Mùnírátù, ń gbé. Mùkáílà ní tiwọn ń bọ̀ lọ́nà.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kejì, sòbìyà yọ lẹ́sẹ̀ Hàlímọ̀.

"Aṣọ tí ẹ ní ó ń bọ̀ dà?" ni Mùnírátù bi í.

Mùkáílà wolẹ̀. "Ó wà nínú àpótí mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní láti fi abúlé tí kò gba aṣọ wé èyí tí ó gbà á. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ìwádìí náà kò níye lórí."

"Lójú ta ni?"

"Lójú àwọn ọ̀mọ̀wé tí yóò kà á."

"Wọ́n tó mélòó?"

"Bóyá ogún."

"Nínú agbo ilé ìyá mi nìkan, ènìyàn mẹ́rìnlá ni ó ń mu omi náà."

Lọ́jọ́ kejì, Mùkáílà gun alùpùpù lọ pín gbogbo aṣọ náà ní Àkànó. Àwọn ará òkè òkun kọ̀ láti tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde. Ọlálékan, tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, di ọ̀gá olùkọ́. Mùkáílà dúró lójú kan.

Nígbà tí ó wá tọrọ ìyàwó, ọgbẹ́ Hàlímọ̀ ti jinná, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà kò nà mọ́.

"Màmá, ẹ dárí jì mí."

"Kí ni o pè mí nínú ìwé ìwádìí rẹ?"

"Ẹni kẹtàdínlógójì, mà."

"N kò tíì dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ni ó yàn ọ́, èmi kọ́. Mú un."

Wọ́n so yìgì ní Jímọ́ọ̀. Nígbà tí àwọn obìnrin dìde láti jó mú ìyàwó jáde, Hàlímọ̀ jókòó síbẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́ fún ọmọ rẹ̀. Mùkáílà kò lè wo apá ibẹ̀.