Nígbà Tí Màmá Salome Ń Di Ẹrù: Bí A Ṣe Ń Yan Ilé Ìtọ́jú fún Àgbà Tí Ìrántí Rẹ̀ Ń Lọ

Ẹ̀yin ará wa ní Tamale àti ní gbogbo ibi tí Yorùbá ń gbé ní Ghana, ẹ̀yin tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹ̀yin tó ń lọ mọ́ṣáláṣí, mo kí yín o. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú eruku. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jẹ́ ká rí ọdún 1997 yìí, tó sì jẹ́ ká ṣì ní ẹni tí a ń pè ní Màmá àti Bàbá nínú ilé. Nítorí wọn ni mo ṣe fẹ́ sọ ìtàn yìí. Ẹ fara balẹ̀ kà á, kí ẹ sì kà á sétí ẹni tí kò mọ̀wé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Sabonjida, Helen ti ṣọ́ọ̀bù dé, ó bá ìyá ọkọ rẹ̀, Màmá Salome, lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá ti di gbogbo ẹrù rẹ̀ sínú ìró: aṣọ, abọ́, bàtà ẹsẹ̀ kan. Ó gbá ìrọ̀rí mọ́ àyà.

"Màmá, ẹ tún ti di ẹrù?"

"Tètè ṣe. Ilẹ̀ ń ṣú."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Ẹ máa lọ sílé láìpẹ́. Ọmọ yín ń bọ̀ láti Kumasi, àwọn ló máa mú yín lọ."

Dípò kí ara ìyá balẹ̀, ńṣe ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó di ìrọ̀rí náà mú bíi pé ẹnì kan fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni Helen ń sọ ọ̀rọ̀ ìtùnú yìí, ojoojúmọ́ ni ọ̀rọ̀ náà sì ń dá kún ìbẹ̀rù ìyá. Kò yé Helen rárá.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí nǹkan ti ń rí báyìí. Màmá Salome tó fi èdè Hausa àti Dagbani ta abọ́ tánganran lọ́jà títí ó fi darúgbó kò gbọ́ méjèèjì mọ́. Yorùbá Ọ̀yọ́ tí wọ́n fi tọ́ ọ nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó tan sítóòfù, ó sì lọ sùn; aṣọ fèrèsé gbaná. Lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n rí i lójú ọ̀nà Sagnarigu láìwọ bàtà, nínú oòrùn.

Kálukú ló ní ohun tó ń sọ. Ẹnì kan ní ogbó ni. Ẹnì kan sọ ọ̀rọ̀ àjẹ́, ọ̀rọ̀ tó léwu púpọ̀ láti sọ nípa arúgbó obìnrin ní apá ibí yìí. Àwọn tó pọ̀ jù ní, "Ilé ló ń pè é. Ó fẹ́ lọ kú sí Ògbómọ̀ṣọ́." Ọkọ Helen, Ọlátúbọ̀sún, tó ń jó irin pọ̀ nítòsí ọjà, kò mọ èyí tí ì bá gbà gbọ́.

Nígbà tí àbúrò rẹ̀, Sunday, dé láti Kumasi, wọ́n jókòó sọ̀rọ̀.

"Bùrọ̀dá, ìyá yìí fẹ́ lọ sílé," Sunday wí. "Ẹ jẹ́ ká mú un lọ Ògbómọ̀ṣọ́."

"Ta ló máa tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀?"

"Àwọn ẹbí."

"Ẹbí wo? Dárúkọ ẹnì kan."

Sunday ro ó títí, kò rí orúkọ dá. Ó ní, "Ó dáa, ilé kan wà ní Jisonayili tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbà. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ọ̀dà funfun ni wọ́n fi kùn ún. Bí a bá san owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á dín in kù fún wa."

"Ká gbé ìyá wa fún onílé? Kí ni wọ́n máa sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, èwo nínú wọn ló ń bá ìyàwó wa sáré lẹ́yìn Màmá lójú títì? Bùrọ̀dá, iṣẹ́ irin lẹ mọ̀, ẹ kò mọ bí wọ́n ṣe ń nájà. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi."

"Ìwọ tó ra fíríìjì tí kò tutù rí?"

Helen rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àárẹ̀ ti mú un.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n mú Màmá Salome lọ wo ilé náà. Ọkùnrin kan tó wọ kákí ló dúró lẹ́nu géètì. Kò ní èrò burúkú kankan lọ́kàn, ó kàn béèrè pé, "Ta ló ń dúró, ta ló ń padà?"

Bí Màmá Salome ṣe rí aṣọ kákí náà, ó kúnlẹ̀. "Ẹ ṣàánú wa, ọ̀gá. A ti ń lọ. A ti di ẹrù. Ẹ má nà án."

"Na ta ni?" Ọlátúbọ̀sún ń béèrè. "Màmá, ta ni wọ́n fẹ́ nà?"

Ìyá ṣáà ń bẹ̀bẹ̀. Helen jókòó tì í níbẹ̀. Nígbà tó dákẹ́, wọ́n wọlé tọ onílé lọ, obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Madam Elizabeth.

"Ẹ ò ní ní wàhálà mọ́," Madam wí. "Bó bá ń dààmú nírọ̀lẹ́, a ní abẹ́rẹ́. Bí abẹ́rẹ́ kò bá tó, a ní okùn rírọ̀. Kì í dùn wọ́n."

"Ṣé a lè rí yàrá tó máa sùn?" Helen béèrè.

"Bí ẹ bá ti sanwó."

"Ta ló gbọ́ Yorùbá níbí?"

"Twi àti Dagbani là ń sọ. Ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú, èdè wo ló tún kù tó fẹ́ gbọ́?"

"Bí kò bá bá a lára mu, tí a sì mú un kúrò ńkọ́?"

"Owó tó bá ti wọlé ti wọlé nìyẹn."

Ọwọ́ Sunday ti wà nínú àpò. Ó ń wo ògiri funfun, ó ń ro ẹ̀dínwó. Helen, tí kì í dárúkọ mọ́ àbúrò ọkọ rẹ̀ lórí, sọ wẹ́rẹ́ pé, "Bàbá Kumasi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì yọ owó náà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi Sista Ràbíátù."

Ràbíátù, ọmọ àdúgbò wọn ní Sabonjida, jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ. Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ sí i, ó ní òun máa wá ní ìrọ̀lẹ́, ní àkókò tí Màmá ń di ẹrù gan-an.

Ó dé, ó kúnlẹ̀ kí ìyá. Kò sọ fún un pé kó yéé di ẹrù. Ó mú etí ìró kan, ó ń bá a ká aṣọ.

"Màmá, níbo là ń lọ?"

Lójijì ni Ọlátúbọ̀sún rántí pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bi í ní ìbéèrè yìí rí.

"O ò gbọ́ rédíò ni?" ìyá wí. "Wọ́n ní kí gbogbo àwa àlejò kúrò ní ìlú wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì péré. Bàbá Ọlátúbọ̀sún kò sì ní ìwé. Bí àwọn ọlọ́pàá oníkákí bá dé, wọ́n á mú un."

"Èyí tí ẹ gbé dání ńkọ́, Màmá?"

"Sunday ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn."

Sunday tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wo ìrọ̀rí náà.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà tó á rántí ọdún 1969, nígbà tí ìjọba ìgbà náà ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó jáde. Ọlátúbọ̀sún rántí. Ọmọdé ni nígbà náà. Wọ́n lọ, bàbá wọn kú sílé, ìyá wọn sì tún kó wọn padà wá sí Tamale ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà. Kì í ṣe pé Màmá fẹ́ lọ sílé. Ẹ̀rù ló ń bà á pé wọ́n ń lé e lọ.

Helen fọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Èmi náà ni mò ń sọ fún un lójoojúmọ́ pé wọ́n ń bọ̀ wá mú un! Mo rò pé mò ń tù ú nínú."

"Má dá ara rẹ lẹ́bi," Ràbíátù wí. "Kì í ṣe àjẹ́, kì í sì í ṣe ìyà ẹ̀ṣẹ̀. Àìsàn ọpọlọ ni. Ohun àná á sá lọ, ohun àtijọ́ á sì sún mọ́ ọn bíi pé òní ló ń ṣẹlẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mú un wá sí ọsibítù, nítorí ibà, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí òùngbẹ pàápàá lè dá kún un."

"Kí ni kí n wá máa sọ fún un? Mi ò fẹ́ parọ́, Sista. Ọlọ́run ń gbọ́."

"Ṣé ìjọba ń lé e lọ lónìí?"

"Rárá."

"Nígbà náà, sọ fún un pé wọ́n ní kó dúró. Irọ́ wo ló wà níbẹ̀?"

Helen yíjú sí ìyá. "Màmá, wọ́n ti ní ká dúró. Kò sẹ́ni tó ń lọ." Ìyá wò ó pẹ́. Kò tú ẹrù, ṣùgbọ́n ó gbà kí wọ́n bu oúnjẹ fún un.

"Sista, kí la wá fẹ́ ṣe?" Sunday béèrè. "Ká fi í sílé ni, àbí ká gbé e lọ? Orí mi ti dàrú."

"Bí ẹ bá lágbára láti máa ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru, ẹ fi í sílé. Bí ẹ ò bá lágbára, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti wá olùrànlọ́wọ́. Ìyàwó yín kò gbọdọ̀ kú sídìí iṣẹ́ tí ó ju ẹnì kan lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọ̀dà ara ògiri yan ilé. Nọ́ọ̀sì Yorùbá kan tó ti fẹ̀yìn tì, Wúlẹ̀mọ̀tù, ń tọ́jú àwọn àgbà díẹ̀ ní Sagnarigu. Ẹ lọ wò ó fúnra yín. Ẹ má sọ fún un pé ẹ ń bọ̀."

Lẹ́yìn tí wọ́n mú ìyá dé ọsibítù, wọ́n lọ sí Sagnarigu ní àsìkò oúnjẹ. Ilé ilẹ̀ ni, ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí. Lábẹ́ igi níímù, olùtọ́jú kan ń fi túwó bọ́ bàbá kan. Ó ń dúró kó gbé e mì kó tó bu òmíràn. Arúgbó obìnrin kan ń béèrè ìbéèrè kan náà léraléra, wọ́n sì ń dá a lóhùn láìkanra. Ògiri yí ọgbà ká, àyè wà láti rìn, wọ́n kò sì so ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Wúlẹ̀mọ̀tù fi yàrá àti ilé ìgbẹ́ hàn wọ́n kí wọ́n tó béèrè.

"Ìyá wa máa ń kọ orin ìsìn," Helen wí. "Ẹ̀yin jẹ́ Mùsùlùmí. Ṣé ẹ máa gbà á láyè?"

"Kí ló dé tí mi ò ní gbà á? Ọlọ́run ló ń kọ ọ́ sí. Bí mo bá ti mọ ohùn rẹ̀, màá gbè é."

"Bí mo bá wá láìsọ tẹ́lẹ̀ ńkọ́?" Sunday béèrè.

"Máa bọ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá bá wa lórí oúnjẹ, wàá mú ṣíbí, wàá bá mi bọ́ ẹnì kan."

Ó ní oṣooṣù ni wọ́n ń sanwó lọ́dọ̀ òun. Ó là á yé wọn pé oúnjẹ àti fífọ aṣọ wà nínú rẹ̀, pé oògùn àti ọkọ̀ ọsibítù kò sí nínú rẹ̀. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò fohùn ṣọ̀kan níbẹ̀, lójú Helen: Sunday á máa san owó ilé, Ọlátúbọ̀sún á máa san ti oògùn àti ọkọ̀. Wọ́n sọ gbogbo bí ìyá ṣe ń ṣe fún Wúlẹ̀mọ̀tù, pàápàá ọ̀rọ̀ ọdún 1969. Ó ní kò sí ẹni tó máa wọ kákí wọ ọgbà òun.

Nígbà tó pẹ́ díẹ̀ tí Màmá ti ń gbé lọ́dọ̀ Wúlẹ̀mọ̀tù, Sunday tún wá láti Kumasi, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó bá ìyá rẹ̀ lábẹ́ igi, ó ń ṣa ẹ̀wà, kò sì sí ẹrù kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá gbójú sókè wò ó. Kò mọ̀ ọ́n.

"Dírẹ́bà, ṣé ìwọ ni wọ́n rán wá kó wa?"

Ó wu Sunday kó sọ pé, "Èmi ni, Màmá, ọmọ yín." Ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó sì dẹ́kun. "Èmi ni, Màmá."

"Máa lọ, ọmọ mi. Èmi ò lọ mọ́. Wọ́n ní ká dúró. Fi àyè mi gbé ẹlòmíràn."

Sunday jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì bá a ṣa ẹ̀wà títí ó fi tán.

Ẹ̀yin ará, bí àgbà ilé yín bá ń gbàgbé tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń léwu, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kí ẹ tó gbọ́ ti ará àdúgbò. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n pè é ní àjẹ́. Ẹ bi í ní ohun tó ń bà á lẹ́rù, kí ẹ sì fetí sílẹ̀. Bí ẹ bá ń wá ilé ìtọ́jú, ẹ yọjú lójijì, lásìkò oúnjẹ àti nírọ̀lẹ́. Ẹ wò bóyá wọ́n gbọ́ èdè rẹ̀, bóyá wọ́n á gbà á láyè láti gbàdúrà rẹ̀. Ilé tí wọ́n ti ń fi okùn tàbí abẹ́rẹ́ pa àgbà lẹ́nu mọ́, ẹ sá fún un. Ẹ má san owó ọlọ́jọ́ gígùn fún ibi tí ẹ kò tíì dán wò. Ẹ béèrè ohun tí owó náà kó mọ́ra àti ohun tí wọ́n á dá padà bí ẹ bá kúrò. Kí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò sì fẹnu kò sójú kan lórí ìnáwó, kí ẹrù má bàa wọ ẹnì kan lọ́rùn. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ máa lọ wò ó. Bíbọ̀wọ̀ fún òbí kò parí síbi owó.

Kí Ọlọ́run tó mọ orúkọ wa nígbà tí àwa fúnra wa bá gbàgbé rẹ̀ wà pẹ̀lú ìwọ tó ń ka ìwé yìí. Kí ó fún àwọn òbí rẹ ní ìrọ̀lẹ́ tí kò ní ìbẹ̀rù nínú, kí ó sì fún ìwọ náà ní sùúrù àti ọ̀nà láti tọ́jú wọn. Nígbà tó bá sì di tìrẹ, kí o rí ẹni tí yóò sọ fún ọ pé, dúró, kò sẹ́ni tó ń lé ọ. Àmín.