Ihò Méjì Níwájú Pijó Bàbá

Bóòtì onírin kéékèèké mẹ́ta ló wà láàárín eyín ọkùnrin náà nígbà tí Mosúnmọ́lá kọ́kọ́ fojú kàn án. Abẹ́ ọkọ̀ ńlá kan ló dùbúlẹ̀ sí ní gáréèjì Uncle Ọlálékan ní Riverdale, lẹ́bàá Atlanta. Orí àti èjìká rẹ̀ nìkan ló yọ síta, òógùn sì ń dán níwájú orí rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ta òróró sí lórí.

Mosúnmọ́lá kí i. Kò dáhùn. Ó tún kí i lédè òyìnbó, bóyá kò gbọ́ Yorùbá. Ọkùnrin náà na ìka sí ẹnu ara rẹ̀, ó sì fi ojú nìkan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹnu wọn ló ń rẹ́rìn-ín, tí ojú wọn á kàn máa wòran. Ti ọkùnrin yìí yàtọ̀. Ojú rẹ̀ ni ẹ̀rín náà ti bẹ̀rẹ̀, ó sì dà bíi pé ibẹ̀ ló ń gbé.

"Ẹ má bínú, sister," ló wí nígbà tó yọ àwọn bóòtì náà lẹ́nu tán. "Tí mo bá kó wọn sílẹ̀, wọ́n á yí lọ. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Ó ní ẹnu kì í sọ bóòtì nù."

"Tí ẹ bá wá gbé e mì ńkọ́?"

"Ṣebí aṣọ nọ́ọ̀sì lẹ wọ̀ yẹn? Ọlọ́run ti pèsè."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Mosúnmọ́lá kó tó ráyè dá a dúró.

Ìgbà náà ni ọkùnrin náà rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, lórí ọkọ̀ tó wọ́ ọ wá: Pijó 504 funfun kan, tó dákẹ́ bí àgbàlagbà tó ń ṣàìsàn. Ó dìde. Ó nu ọwọ́ méjèèjì mọ́ aṣọ kó tó fi kàn án, bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ tuntun.

"Pijó," ó wí jẹ́jẹ́. "Pijó, kí lo wá ṣe níbí?"

"Ó ti dé ṣáájú ẹ̀yin àti èmi," ni Mosúnmọ́lá fèsì.

Olúwaṣèyítán Oyèwùmí ni orúkọ ọkùnrin náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Redan ló ṣe ìwé mú un wá láti Ìbàdàn, kò sì tíì pẹ́ tó dé, torí ó ṣì ń wo àwọn ọ̀nà márosẹ̀ Atlanta bí ẹni tó ń wo odò tó kún.

Ọkọ̀ náà, ti bàbá Mosúnmọ́lá ni. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì mọ Bàbá Bámgbóyè sí àgbà ìjọ tí kì í pẹ́ dé ìsìn, tó ti ta oògùn òyìnbó títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀ ni pé inú gáréèjì ilé Bàbá ní Fayetteville, lábẹ́ aṣọ funfun, ni ìfẹ́ kejì tí Bàbá ní wà. "Orogún mi" ni ìyá Mosúnmọ́lá máa ń pe Pijó náà. Bí Bàbá bá ti gbé agolo ọ́ìlì báyìí, Ìyá á béèrè láti ilé ìdáná pé, "Ṣé orogún mi ò tíì yó ni?"

Ó ti pẹ́ tí Pijó náà ò ti rìn mọ́. Lọ́dún yìí ni Bàbá gbọ́ pé ìjọba Georgia máa ń fún ọkọ̀ tó bá ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ní nọ́ńbà tirẹ̀, nọ́ńbà àwọn ọkọ̀ àtijọ́. Ọkàn wọn fà sí i. Wọ́n fẹ́ tún wà á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kí ojú wọn tó di bàìbàì. Wọ́n ní kí Mosúnmọ́lá bá wọn wá ẹni tó lè jí i.

Ṣèyítán jí i. Páàtì tí kò sí ní gbogbo Georgia, ó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní Gate, ọjà páàtì mọ́tò n'Ìbàdàn. Ó pe àwọn tó mọ̀, wọ́n fi ránṣẹ́. Bí Mosúnmọ́lá bá sì ti kúrò ní shift, Riverdale ló ń yà sí. Níbẹ̀rẹ̀, ó ní mọ́tò lòun wá wò. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìrẹsì àti dòdò dání, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń dín dòdò fún mọ́tò.

"Nọ́ọ̀sì mi, wá gbọ́ èémí ẹ̀," Ṣèyítán á wí, á sì tẹ ẹ́ńjìnnì. "Ṣé àyà ẹ̀ ti mọ́?"

"Ó ṣì ń wúkọ́. Kí dókítà ẹ̀ jẹun ná."

"Ọwọ́ dókítà ti dọ̀tí."

"Ó ku kí n máa fi ṣíbí bọ́ ẹ nìyẹn? Níwájú Uncle Ọlálékan?"

"Uncle ti dijú."

"Èmi ò dijú o!" Uncle Ọlálékan á ké láti inú ọ́fíìsì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń lu páànù gáréèjì náà, Ṣèyítán sọ ọ́ láìsí ọ̀ṣọ́ kankan. "Mosún, mo fẹ́ràn ẹ. Mo fẹ́ wá rí Daddy, kì í sì í ṣe nítorí mọ́tò."

Òjò náà ń rọ̀, inú Mosúnmọ́lá ń tàn bí ìgbà tí iná dé. Ó ní kó jẹ́ kí nọ́ńbà náà dé ná. Inú Bàbá á ti dùn, ọ̀rọ̀ á rí ọ̀nà wọlé.

Nọ́ńbà dé. Mosúnmọ́lá gbé Pijó náà, tó ti padà sílé láti ìgbà tó ti jí, lọ sí Riverdale fúnra rẹ̀, ó kó kọ́kọ́rọ́ àti nọ́ńbà lé Ṣèyítán lọ́wọ́. "Bá mi kàn án dáadáa o, olólùfẹ́. Ọ̀la la máa wà á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti ń pẹ́." Ó sáré lọ síbi iṣẹ́.

Ṣèyítán yí nọ́ńbà náà síwá sẹ́yìn. Ọ̀kan ṣoṣo ni. Kó tó di mẹkáníìkì, nọ́ńbà kíkàn ni iṣẹ́ tó kọ́kọ́ kọ́, lọ́dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan ní Mọ́kọ́lá: ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Nílé, ọkọ̀ tí kò bá ní nọ́ńbà níwájú, ọlọ́pàá àkọ́kọ́ tó bá pàdé ló máa dá a dúró. Ó ti rí i pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Atlanta ń rìn láìní nǹkan kan níwájú, ó sì ti gbà pé àìbìkítà ni. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ àgbà, tí ìjọba fún ní nọ́ńbà iyì? Wọ́n gbàgbé èkejì ni. Kò ní pẹ́ dé.

Uncle Ọlálékan ò sí nítòsí tí ì bá bi í. Ìfẹ́ sì ti ọwọ́ rẹ̀ síwájú. Nígbà tó kan ti ẹ̀yìn tán, ó kúnlẹ̀ níwájú Pijó, ó fi ìka wọn bọ́mpà fàdákà náà bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, ó sì lu ihò méjì tó mọ́ tónítóní sí i, kí nọ́ńbà kejì lè bá ibi ìjókòó rẹ̀ nílẹ̀.

Òkùnkùn ti ṣú kí Mosúnmọ́lá tó gbé Pijó náà padà délé; láàárọ̀ ọjọ́ Sunday ni Bàbá rí i.

Ní Georgia, ẹ̀yìn nìkan ni nọ́ńbà ń gbé. Ohun tó bá wu oníkálukú ló ń gbé kọ́ iwájú: orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù, àsíá ìlú ẹni. Bàbá ò gbé nǹkan kan kọ́ ọ rí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe Pijó yẹn, irin kankan ò tíì gún un níwájú. Àwọn òyìnbó tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ a máa bẹ̀rẹ̀ wò ó, wọ́n á sì mi orí. Bọ́mpà yẹn ni iyì Bàbá.

Bàbá ò pariwo. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo. Wọ́n fi ìka kan ihò kìíní, wọ́n fi kan ìkejì.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Ṣèyítán ni, Daddy. Ó rò pé nọ́ńbà méjì ni wọ́n máa fún wa. Ẹ jọ̀ọ́..."

"Ẹni tó lè mú irin lu ohun olóhun láìbéèrè, kó má dé ilé mi." Wọ́n wo ojú ọmọ wọn, wọ́n sì rí ohun tó wà níbẹ̀. "Tí nǹkan mìíràn bá sì wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mọ́tò, òun náà ti tán."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Ṣèyítán wá. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí kọnkéré níwájú ilé, nínú oòrùn. Ilẹ̀kùn ò ṣí. Ní Sátidé kejì, ó tún wá. Ó ti wá bọ́mpà mìíràn títí. Àwọn ará Gate ní bọ́mpà Pijó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn, ṣùgbọ́n èwo ni kò ní ihò nínú rẹ̀? Àti pé ti Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí ti ilé. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun dí ihò náà, kí òun fi ọ̀dà fàdákà kùn ún. Láti inú ilé ni Bàbá ti dá a lóhùn pé, "Tó o bá dí i, ṣé èmi ò ní mọ ibi tó wà?"

Ọjọ́ yẹn, Mosúnmọ́lá tẹ̀ lé e dé ẹ̀bá ọ̀nà.

"Mosún, bóyá kí n jìnnà díẹ̀," Ṣèyítán wí. "Mi ò fẹ́ dá ìjà sí àárín ìwọ àti Daddy."

"Ṣé o fẹ́ràn mi?"

"Ìbéèrè wo nìyẹn?"

"Dá mi lóhùn."

"Mo fẹ́ràn ẹ débi pé mo ń gbàgbé oúnjẹ."

"Irọ́. O kì í gbàgbé oúnjẹ." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Gbọ́ o. Mi ò ní bá ẹ sá lọ kọ́ọ̀tù bí ẹni tó jalè. Mi ò sì ní fi ẹ́ sílẹ̀. Ẹnu ọ̀nà yìí gan-an lo máa gbà wọlé, Daddy ló sì máa ṣí i. Ìwọ ṣáà máa bọ̀ ní Sátidé."

Ó sì ń bọ̀. Sátidé dé, Ṣèyítán dé. Ooru ò lé e, òjò ò lé e. Ìyá a máa gbé omi tútù jáde fún un. "Dìde, ọmọ mi," wọ́n á wí, "kọnkéré yìí á jó ẹ láyà." Nínú ilé, Mosúnmọ́lá ò dẹ́kun àtimáa sọ ọ́ fún Bàbá, tàárọ̀ tìrọ̀lẹ́, láìfi ohùn líle kún un: ẹni yìí lòun máa fẹ́, ìbùkún wọn lòun sì ń dúró dè. Pijó náà wà lábẹ́ aṣọ rẹ̀, kò dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní Sátidé kan, Ìyá fa Mosúnmọ́lá wọ ilé ìdáná.

"Ṣó o rò pé ọmọ yẹn ni bàbá ẹ ń bínú sí? Lọ wo ìsàlẹ̀ àpótí dúdú tó wà nínú closet wa."

Ohun tó bá níbẹ̀ ni páànù pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ká mọ́ inú ìró àtijọ́. Ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí, ṣùgbọ́n ó ṣì ṣeé kà: OY 4172 D.

"Mọ́tò tí bàbá ẹ fi máa ń wá fẹ́ mi nìyẹn, n'Ìbàdàn," Ìyá wí láti ẹ̀yìn rẹ̀. "Pijó lòun náà. A tà á ká lè rí owó wá síbí. Ọjọ́ tí ẹni tó rà á wá gbé e, bàbá ẹ tú nọ́ńbà iwájú, wọ́n sì gbé e sí abíyá títí ilẹ̀ fi ṣú. Nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ra orogún mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé nọ́ńbà yìí kọ́ ọ níwájú. Wọ́n á ní àwọn ò lè lu bọ́mpà. Wọ́n á wò ó, wọ́n á tún ká a mọ́ aṣọ."

Mosúnmọ́lá ò dúró gbọ́ ìyókù. Ó gbé nọ́ńbà náà lọ sí gáréèjì, ó ká aṣọ kúrò lórí Pijó, ó kúnlẹ̀, ó sì gbé e ka bọ́mpà. Ihò bá ihò. Ìmọ́lẹ̀ gba inú méjèèjì kọjá, kò sí èyí tó yẹ̀.

"Daddy! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò."

Bàbá wá. Wọ́n wo nọ́ńbà náà níbi tó wà, wọ́n fi àtàǹpàkò kan ihò kìíní, wọ́n fi kan ìkejì.

"Àárín ihò nọ́ńbà Amẹ́ríkà ò fẹ̀ tó báyìí, ti Ìbàdàn nìyí," wọ́n wí fún ara wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n rìn gba inú ilé kọjá, wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn iwájú.

Ṣèyítán wà lórí kọnkéré.

"Ìwọ. Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́?"

"Bàbá Nurain ni, sà. Ní Mọ́kọ́lá."

"Ọmọkùnrin kúkúrú kan wà ní Mọ́kọ́lá láyé ìgbà tiwa." Ohùn Bàbá ti yí padà. "Tó bá ti fẹ́ kan nọ́ńbà, á kó bóòtì sẹ́nu. Èèyàn ò ní rí i bá dúnàádúrà. Orí ló máa ń mì."

"Ó ṣì ń kó o sẹ́nu, sà. Eyín tó kù ò pọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó ń kó o."

"Ó lè jẹ́ òun. Ó lè má jẹ́ òun." Bàbá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́nu ọ̀nà. "Wọlé. Iṣẹ́ wà tó o fi sílẹ̀ láìparí."

Ṣèyítán wọlé bí ẹni tó ń rìn lórí ẹyin. Nígbà tó rí nọ́ńbà náà, ó kúnlẹ̀, ó sì yíjú sí Bàbá.

"Ṣé kí n kàn án, sà?"

"Ẹ̀n-ẹ́n. Wàá máa béèrè báyìí. Kàn án."

Ó kó bóòtì méjèèjì sẹ́nu. Bàbá rí i, wọ́n fi ọwọ́ kan di ọwọ́ ìyàwó wọn, tó ti jáde wá wòran, mú, bóyá wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn ṣe bẹ́ẹ̀. Bóòtì kìíní wọlé, ó jókòó. Ìgbà náà ni Bàbá ní,

"Ọjọ́ wo ni àwọn èèyàn ẹ ń bọ̀ wá rí wa?"

Bóòtì kejì ṣì wà láàárín eyín Ṣèyítán. Kò lè sọ̀rọ̀. Ó wo Mosúnmọ́lá, ojú rẹ̀ rẹ́rìn-ín bí ó ti rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ àkọ́kọ́, omi sì kún un. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú Pijó, tòun ti bóòtì lẹ́nu.

"Ẹ má jẹ́ kó gbé e mì o!" Ìyá ké.

Mosúnmọ́lá kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ sí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó sì gba bóòtì náà.

"Sátidé tó ń bọ̀ ni, Daddy," ó wí. "Ó kúkú ti mọ ọ̀nà."