Gègé Tó Ń Yún Ọwọ́

Gègé ìkọ̀wé ipò kìíní ni wọ́n ní kí àwọn èèyàn wá wò nílé ohun àtijọ́ ìlú Wajima. Olóògbé Shibukawa ló fi oje igi urúṣì kùn ún ní ogójì ọdún sẹ́yìn. Igarashi, tó ń yẹ iṣẹ́ ọnà wò, gbé e sábẹ́ awò, ojú rẹ̀ sì kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó ní lẹ́búlẹ́bú wúrà rẹ̀ kò dọ́gba, ìrù ẹja tí wọ́n yà sára rẹ̀ sì wọ́. Ó ní ipò kẹta ni, bóyá Shibukawa kàn ń tan ayé jẹ ni.

Opó Shibukawa ránṣẹ́ pe Nagamine ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́.

"Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ," ni ìyá arúgbó náà wí. "Ẹ bá mi gba orúkọ ọkọ mi padà."

Nagamine yí gègé náà, tí wọ́n ti dá padà fún ìyá, lọ́wọ́ títí. Ìyá ní kí wọ́n tó gbé e lọ sílé ohun àtijọ́, orí pẹpẹ tí wọ́n fi ń rántí òkú ilé ni àpótí rẹ̀ máa ń wà, kò sì sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án bí kò ṣe òun àti Genpachi. Genpachi ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ láti kékeré, ó sì ti di bàbá arúgbó nínú ilé iṣẹ́ ọkọ rẹ̀. Genpachi bu tíì fún Nagamine, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa gègé náà, ó ní òun ò rí àléébù kankan.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìka Nagamine wú, ó ń yún un burúkú. Ó lọ bá Igarashi, ó bá ọwọ́ ẹni yẹn náà tó wú, tó fi aṣọ wé. Ló bá pe gbogbo wọn jọ.

"Oje urúṣì tútù ló ń jẹ awọ ara," ó wí. "Èyí tó ti gbẹ láti ogójì ọdún kò lè yún ọmọ ọwọ́ pàápàá. Tuntun ni gègé yìí, Bàbá Genpachi. Ẹni tó ti ń fọwọ́ kan oje láti kékeré, tí kò yún un mọ́, ló lè gbàgbé pé yóò yún ẹlòmíì."

Genpachi jẹ́wọ́.

"Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a. Èmi ni mo kun ti àkọ́kọ́. Ọ̀gá kọ orúkọ ara wọn sí i, torí àwọn ló nilé iṣẹ́. Mo fẹ́ gba tèmi, ni mo ṣe fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Àmọ́ ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n. Ibi tí mo ti ń bu tíì ni mo ti gbọ́ pé ipò kẹta ni mí."

Ó fa gègé àkọ́kọ́ yọ láti inú àyà aṣọ rẹ̀. Ẹja ara rẹ̀ dà bí ohun tó fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ lọ, ṣùgbọ́n Genpachi ti fi ọ̀bẹ họ orúkọ ọ̀gá rẹ̀ kúrò. Igarashi wò ó títí, àánú sì ṣe é. Ó ní wúrà rẹ̀ ò lẹ́gbẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n họ lára, tí kò lórúkọ, òun ò lè fún un nípò kankan.

"Mo mọ̀ pé ìwọ lo kùn ún," ni ìyá wí. "Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀."

Genpachi yíjú sí i.

"Ìyá, ẹ ò sì sọ fún mi rí."

Genpachi dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì sí Nagamine kó fi ṣẹkẹṣẹkẹ dè é.