Ọjọ́ Ìsinmi Ajùbọ́ọ̀lù

Mi ò mutí, orí mi sì pé. Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní àgbàlá ilé wa ní Odigbo, ní ọ̀sán gangan, nígbà ọyẹ́ ọdún 1984. Monílọ́lá, ìyàwó àbúrò mi, wà níbẹ̀. Ó wà láàyè. Ẹ lè bi í.

Àwọn ológun ti gba ìjọba láti ìparí ọdún tó ṣáájú. Ọṣẹ wọ́n, mílíìkì wọ́n, oògùn kò sí. Wọ́n dá èmi àti Bándélé àbúrò mi dúró lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní ọjọ́ kan náà. A padà sídìí kòkó bàbá wa. Lọ́sàn-án, tí oòrùn bá mú jù, a máa ń jókòó ní pálọ̀, a máa ń ṣe eré kan tí òyìnbó Amẹ́ríkà tó kọ́ni ní Ọ̀rẹ̀ nígbà kan fi sílẹ̀ fún Bándélé.

Eré bẹ́sìbọ́ọ̀lù ni, ṣùgbọ́n orí tábìlì ni a ti ń ṣe é. Ẹnì kan a ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kejì a fi igi gbá a. Gbogbo eléré wà lórí káàdì. A ó ta dáìsì, a ó wo ohun tó mú wá lára káàdì náà. A kò mọ àwọn òyìnbó tí orúkọ wọn wà níbẹ̀. A lẹ bébà bò wọ́n, a kọ orúkọ àwọn èèyàn wa lé e. Ajùbọ́ọ̀lù mi tó dára jù jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì. Bándélé náà ọlọ́wọ́ òsì ni. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ orúkọ rẹ̀ sí i.

Òfin kan wà: ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ìdíje lónìí gbọ́dọ̀ sinmi ọjọ́ mẹ́rin kó tó tún jù. Àbúrò mi ló ṣe ìwé ètò, ìdíje kan lójúmọ́, títí di ìparí ọdún.

"Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ rẹ̀ nìkan lẹ̀ ń yìn," ó máa ń wí. "Ẹ ka iye ìgbà tó máa jù. Ẹni tó mọ̀ ọ́n jù, tí kì í rí ọjọ́ jù, kí ló fi sàn ju àga yìí lọ?"

"O bẹ̀rù rẹ̀ ni."

"Kí n bẹ̀rù ara mi? Ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ni màá fi mú yín."

Monílọ́lá a sì pariwo láti ẹ̀yìnkùlé pé, "Ẹ̀yin tíṣà méjì, kòkó ń dúró dè yín o."

Bándélé ló máa ń yí kòkó lórí sìmẹ́ǹtì tí a ń sá a sí. Igi gígùn tí a kan pákó mọ́ lórí ló fi ń ṣe é. Nítorí ọwọ́ òsì, ìlà tó máa ń fà sínú kòkó a dà sí ọ̀tún. Ti gbogbo àwa yòókù a dà sí òsì.

Ibà pa á nínú oṣù kọkànlá. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní ká lọ ra oògùn wá. A wá a dé Ọ̀rẹ̀, a wá a dé Oǹdó. Nígbà tí a ó fi padà, wọ́n ti bò ó lójú. Mi ò sunkún.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo jókòó sídìí tábìlì. Ìwé ètò rẹ̀ wà níbẹ̀. Mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè fi ọwọ́ mi ṣe. Mo ń ta dáìsì fún ara mi, mo ń tà á fún un. Ní ọjọ́ kẹta, ó kan káàdì Bándélé láti jù.

Mo ta dáìsì. Mo gbọ́ ṣàrà.

Kò sí ẹyẹ. Kò sí ọkọ̀ lójú títì. Ṣàrà. Ṣàrà. Ẹnì kan ń yí kòkó níta. Mo rò pé Monílọ́lá ni. Àfìgbà tí Monílọ́lá jáde láti yàrá, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n. Ta ló wà níta?"

A yọjú lójú fèrèsé. Kò sẹ́nì kan. Igi náà wà nílẹ̀. Ìlà tuntun wà nínú kòkó, gbogbo wọn dà sí ọ̀tún.

Ní ìrọ̀lẹ́, Zubair tó ń dáko lórí ilẹ̀ wa ní Omifunfun gbé kòkó wá. Ó wo ìlà inú kòkó tí a sá, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ti rí ọlọ́wọ́ òsì mìíràn gbà síṣẹ́ ni?"

Nígbà tó rí ojú Monílọ́lá, ó sọ àpò kalẹ̀. Kò dúró mu omi.

Ọjọ́ mẹ́rin kọjá, àwọn káàdì mìíràn ló ń jù, nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó kan Bándélé, ó sì wá. Ìgbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹta ni mo tó fi ìka tọ ìwé ètò, tí mo sì sọ fún Monílọ́lá.

Ó mú káàdì náà.

"Ẹ tún fi í sí ti ọ̀la."

"Ó gbọ́dọ̀ sinmi."

"Ó ti kú, Ẹ̀gbọ́n. Kí ló tún máa rẹ̀ ẹ́?"

Mo fi í sí ti ọjọ́ kejì. Ó wá. Ṣùgbọ́n ìró náà kò lágbára. Ìlà rẹ̀ wọ́, kò jinlẹ̀, ó sì dúró ní àárín. Ibi tí ènìyàn ń fi ọwọ́ mú lára igi náà tutù, bí ìgbà tí ọwọ́ bá làágùn. Monílọ́lá fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún. Kò béèrè bẹ́ẹ̀ mọ́.

Mo ṣírò ìyókù. Bándélé ni yóò ju ìdíje tó kẹ́yìn, ní ọjọ́ tó parí ọdún. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé ti tán. Monílọ́lá ní kí n kọ ètò mìíràn. Mo dán an wò. Ní ọ̀sán Kérésìmesì, mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìdíje kan kún un, mo fi káàdì rẹ̀ sí i. A jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò wá. Èyí tí òun fúnra rẹ̀ kọ nìkan ló ń bọ̀ wá ṣe.

Ọjọ́ náà pé. Monílọ́lá gbé àpótí wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ta dáìsì. Ṣàrà.

Ìpele mẹ́sàn-án ni ìdíje kan. Nígbà tí a parí ìkẹsàn-án, ó jẹ́ méjì sí méjì. Eré náà kò gba ọ̀mì. A ó máa bá a lọ títí ẹnì kan yóò fi borí. Ìpele kẹwàá. Ìkejìlá. Oòrùn kúrò lórí àga, ó bọ́ sí ara ògiri. Níta, ìró náà ń falẹ̀. Ní ìpele kẹẹ̀ẹ́dógún, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ mímí láàárín ṣàrà kan àti èkejì.

Ààyè wà láti pààrọ̀ ajùbọ́ọ̀lù tó bá ti rẹ̀. Mo na ọwọ́ sí káàdì mìíràn. Monílọ́lá di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ má yọ ọ́."

"Ṣé ò ń gbọ́ ọ?"

"Mò ń gbọ́ ọ. Ẹ má yọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, ó lọ nìyẹn."

Mo tún ta dáìsì. Ó di ìpele kẹtàdínlógún, ó ṣì jẹ́ méjì sí méjì. Mímí náà ti dà bíi ti ẹni tó ń gun òkè. Mo mọ̀ pé bí mo bá tún tà á, ó lè parí, a ó sì pàdánù rẹ̀. Bí kò bá sì parí, òun ni yóò máa jìyà rẹ̀. Mo wo Monílọ́lá. Ó ti dijú.

Mo rọra gbé dáìsì kalẹ̀ láìtà á.

Ìró náà dúró, kò tilẹ̀ parí ìlà tó ń fà lọ́wọ́. A jáde. Ìlà kan dé àárín kòkó, ó sì tán síbẹ̀. A kò rí igi náà. A wá a yí ilé ká, a wá a dé ẹ̀bá odò. A kò rí i títí di òní.

Ọdún méjìlá nìyí. Ológun mìíràn ló ń ṣèjọba báyìí. Tábìlì náà wà bí a ṣe fi í sílẹ̀, ìpele kẹtàdínlógún, méjì sí méjì. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Zubair ti kó àwọn kòkó rẹ̀ lọ sá síbòmíràn.

Nígbà mìíràn, bí oòrùn bá dé àárín ọ̀run tí gbogbo ibi sì dákẹ́, Monílọ́lá a bi mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ń sinmi ṣá?"

Mo máa ń sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo ti ka ìwé òfin eré náà lákàtúnkà. Ọjọ́ tí ìdíje bá parí ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìsinmi.