Ẹ Wá Bá Wa Jẹun

Àga kẹta ló kọ́kọ́ rin. Kò sẹ́ni tó jókòó sórí ẹ̀, síbẹ̀ omi ń kán láti etí rẹ̀ tó, tó, tó, sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ìyá Waris fìka kàn án, ó tọ́ ọ wò. Iyọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ n rọra mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́yìn Rye Lane níbẹ̀ yẹn, ni Látífàt, ìyá Waris, àti Sàká ọkọ rẹ̀ ń gbé. Bàbá yẹn wa bọ́ọ̀sì títí ó fi fẹ̀yìn tì. Bó ṣe ní kóun sinmi báyìí ni àìsàn dá a wólẹ̀, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó rù kan eegun. Dókítà ní oúnjẹ nìkan ló lè dá a padà. Ni Hameedah, ọmọ wọn obìnrin, bá sanwó ọkọ̀ ojú omi tó ń yí àwọn erékùṣù Caribbean ká.

"Mummy, off-season ni, ó cheap, èrò ò ní pọ̀. Ẹ kàn lọ rest. Daddy á jẹun, wọ́n á sùn."

Èrò ò sì pọ̀ lóòótọ́, torí oṣù ìjì ni. Ilé oúnjẹ inú ọkọ̀ náà gbòòrò bíi mọ́ṣáláṣí tí kì í ṣe ọjọ́ Jímọ̀. Tábìlì funfun lọ rẹrẹ, kò sẹ́nì kan nídìí wọn, àfi wétà kan tó ń yán ní kọ̀rọ̀. Ìrẹsì wà, ẹja wà, dòdò wà bíi tilé. Inú Ìyá Waris dùn dé eyín.

Obìnrin kan dá jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Ó dúdú, ó ró aṣọ kan péré, kò sí àwo níwájú rẹ̀. Ẹnu àwọn méjèèjì ló ń wò. Ẹ sáà mọ bí a ṣe jẹ́. Kí Ìyá Waris tó ronú, ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́:

"Ẹ wá bá wa jẹun o!"

Ọmọ Yorùbá wo ni ò mọ èsì ẹ̀? "Á gba ibi ire." Ó tán. Kálukú á máa bá tiẹ̀ lọ. Obìnrin yìí ò wí bẹ́ẹ̀. Ó dìde, ó wá, ó fa àga kẹta lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Waris, ó jókòó.

"Ó ti pẹ́," ló wí, Yorùbá ẹnu rẹ̀ gbó bíi ti ìyá ìyá wa, "tẹ́nì kan ti ké sí mi síbi oúnjẹ."

Bàbá Waris gbójú sókè. "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀? Àbí òórùn ọtí àwọn òyìnbó yìí ló ń pa ẹ́, Àlàájà?"

Ìyá Waris ṣẹ́jú. Kò sẹ́nì kankan mọ́. Àga ló kù, tó ń kán omi.

Láti ọjọ́ náà, Bàbá Waris ń jẹun, kò yó. Ó jẹ àwo kan, ó tún bu òmíràn, ṣòkòtò rẹ̀ kò dúró nídìí mọ́. "Ó dà bí ìgbà téèyàn ń jẹun lójú àlá," ló ń wí. Ìyàwó rẹ̀ ń rí ohun tí ọkọ ò rí: ọwọ́ kan tó rin, tó ń wọnú àwo náà ṣáájú tirẹ̀.

Ìyá Waris rò ó títí. Bó bá lọ báyìí, òkú ọkọ lòun máa gbé padà sí Peckham. Kó lé e? Ẹnu òun náà ló pè é. Ṣùgbọ́n àlejò tó bá jẹun tán, ṣebí sísìn là ń sìn ín?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bu ìrẹsì àti ẹja kún àwo, ó kọjú sí àga náà.

"Ìyá mi, ẹ jẹ́ n sìn yín sọ́nà."

Ó jáde sí ìta ọkọ̀. Ẹsẹ̀ tútù ń tẹ̀ lé e, ṣàpà, ṣàpà. Ó dé ibi irin etí ọkọ̀, ó yíjú padà.

"Ibi tí mo lè sìn yín dé rèé, ìyá mi."

"Sìn mí délé."

"Níbo nilé?"

Obìnrin náà nawọ́ sómi. Ìyá Waris wolẹ̀. Lábẹ́ omi, orí àti èjìká lọ súà, wọ́n jókòó yíká bí ẹni ń retí oúnjẹ, gbogbo ojú wọn kọ sókè.

"Inú ọkọ̀ ẹrú ni wọ́n ti jù wá síbẹ̀, tàwa ti ẹ̀wọ̀n lẹ́sẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá wa jẹ. Kò sẹ́ni tó sunkún wa."

Omi bọ́ lójú Ìyá Waris. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tútù ti dì í mú lọ́rùn ọwọ́, irin náà sì ti ń tẹ̀ ẹ́ níkùn.

"A kì í sin àlejò délé," ló wí, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀ lọ. "Ọkọ mi ń retí mi. Ẹ ṣàánú mi." Ó ní bísímílà, ó jọ̀wọ́ àwo náà sómi.

Ọwọ́ tútù yẹn tú.

"O ṣeun," ni ohùn náà wí. "Ọmọlúwàbí ni ẹ́. Àwa náà kì í ṣe ahun. A ó pè yín padà."

Lálẹ́ yẹn Bàbá Waris jẹun, ó gùnfẹ̀. Àfi bí orin létí ìyàwó rẹ̀! Wọ́n padà dé Peckham, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, Hameedah ń fà á bí ẹni ń fa ti ọmọ ọwọ́. "Daddy, see cheeks!"

Ọjọ́ kan, Ìyá Waris ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Ásárì tán ní yàrá, ó ń ká ẹní. Òórùn ìrẹsì àti ẹja gba ilé kan. Òun ò sì tíì gbé ìkòkò kaná. Ohùn obìnrin kan wá dún láti ọ̀nà balùwẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́:

"Ẹ wá bá wa jẹun o!"

"Á gba ibi ire!" Ìyá Waris ju ẹní sílẹ̀, ó sáré. "Á gba ibi ire o! Bàbá Waris, ẹ má dáhùn!"

Ọkọ rẹ̀ ti dáhùn. Ohùn ìyàwó sáà ló rò pó jẹ́.

"Mò ń bọ̀, Ìyá Waris! Jẹ́ n fọwọ́ ná."

Nígbà tó fi dé kọ́rídọ̀, ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ti sé. Omi ń ṣàn jáde lábẹ́ rẹ̀. Sálúbàtà ọkọ rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, méjèèjì, ó tò wọ́n jẹ́jẹ́ bí ẹni tó wọ ilé onílé. Nínú lọ́hùn-ún, ohùn ọ̀pọ̀ èèyàn ń kí i káàbọ̀.