Nọ́ńbà Tí Yẹ̀kínnì Pa Rẹ́

Bí ẹni gbé ìkókó ni ọmọbìnrin kan ṣe gbé irin dídọ̀tí mọ́ àyà, nínú aṣọ funfun, láàárín epo dúdú ọjà Ládìpọ̀. Yẹ̀kínnì, tó ń ta irin ọkọ̀ àlòkù, rí i, ó dìde.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjà. Másítà bíréèkì takisí bàbá mi rèé. Taoheed mẹkáníìkì ní nọ́ńbà ara rẹ̀ ni kí n fi ra òmíràn."

"Ta ni ẹ̀gbọ́n rẹ?"

"Ewú orí yín ni mo rí."

"Eruku ni, arẹwà. Tí mo bá wẹ̀, ọmọ ogún ọdún ni mí."

Ó rẹ́rìn-ín. Sàúdátù lorúkọ rẹ̀.

Kò sí nọ́ńbà lára ọjà Yẹ̀kínnì. Sáńpépà ló fi ń ha gbogbo irin àlòkù, á wá fi ọ̀dà kùn ún kó lè máa dán. Nọ́ńbà a sì bá ìpẹtà lọ. Ì bá ní òun kò mọ̀. Ṣùgbọ́n Sàúdátù ń wò ó. Yẹ̀kínnì fi ojú wọn ọ̀kan.

"Òun gan-an nìyí."

Sàúdátù padà wá lọ́sẹ̀ kejì, kò ra nǹkan kan. Ó wá lọ́sẹ̀ kẹta. Nígbà tó yá, ó di olólùfẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ó gbé irin náà, ó sunkún wọ ṣọ́ọ̀bù. Bíréèkì já ní Ojúwòyè, takisí wọ gọ́tà, apá bàbá kán.

"Bàbá ní Taoheed ni kò dè é dáadáa. Àwọn oníbàárà Taoheed ti sá fún un. Wò ó."

Yẹ̀kínnì wo inú irin náà. Ihò rẹ̀ kéré ju ti àtijọ́ lọ, kò lè ti epo bíréèkì tó. Ó yé e kíákíá.

"Pẹ̀lẹ́, olólùfẹ́ mi," ló sọ. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Oúnjẹ di iyanrìn lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹwàá, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó lọ sílé wọn. Ó bá Taoheed lórí ìkúnlẹ̀ níwájú bàbá, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ tì í.

"Bàbá, èmi ni. Mo ti pa nọ́ńbà irin náà rẹ́. Ojú lásán ni mo fi mú un."

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Ọjọ́ kẹwàá rèé, sà."

Sàúdátù ní, "Taoheed bi mí nípa nọ́ńbà. Mo ní o ò lè parọ́." Ó wọlé, ó tilẹ̀kùn.

"Jáde," ni bàbá wí.

Yẹ̀kínnì lọ bá àwọn oníbàárà Taoheed lọ́kọ̀ọ̀kan, ó jẹ́wọ́ fún wọn. Àwọn ará ọjà ń fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Aṣe-irin-lóge!" Ó kó gbogbo irin aláìnínọ́ńbà fún àwọn tó ń yọ́ irin. Àwọn tó rà lẹ́yìn náà, kò ha wọ́n, kò sì kùn wọ́n mọ́.

Oṣù mẹ́rin kọjá. Sàúdátù yọ sí i lọ́jà.

"Ojú ṣì ń tì ẹ́?"

"Ó ń tì mí."

"Ó dáa. Ẹni tí ojú kì í tì, mi ò lè fẹ́ ẹ."

Yẹ̀kínnì sún fún un lórí àpótí tó jókòó sí.

"Kó àwọn ẹbí rẹ wá lọ́jọ́ Àìkú. Bàbá ti gbà."

"Ta ló bá mi bẹ̀ wọ́n?"

"Taoheed."

Omi bọ́ lójú Yẹ̀kínnì. Sàúdátù jókòó tì í lórí àpótí, ó di ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún epo mú.